Ẹni tó kọ́kọ́ bá Màmá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣèlérí pé màá kọ nípa iṣẹ́ tá a ṣe sílé bàbá wa ní Ìyàrà, ìlú wa ní Kogi. Àwọn tó wá kí wa lóṣù Kejìlá ń bi mí pé ta ló bá yín ṣe é, èló lẹ ná, níbo lẹ ti ra bẹ́ǹṣì yẹn, mo sì ń sọ pé ẹ jẹ́ n wáyè kí n kọ ọ́ dáadáa, torí mi ò lè sọ ọ́ tán lórí ìdúró.

Ọdún 1978 ni bàbá wa kọ́lé yẹn, nígbà tá a ṣì wà lábẹ́ Kwara, kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991. Owó kọfí àti kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Búlọ́ọ̀kù amọ̀ ni ògiri ẹ̀, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú, páànù lókè, yàrá mẹ́fà, pálọ̀ ńlá láàárín, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú tó kọjú sí títì. Yàrá kan wà lẹ́yìn tá a ṣì ń pè ní yàrá kọfí dòní, torí ibẹ̀ ni wọ́n ń to àpò kọfí sí, tó o bá ṣílẹ̀kùn ẹ̀ nígbà òjò wàá ṣì gbóòórùn ẹ̀. Bàbá lọ ní 2016. Látìgbà yẹn, Màmá àti ọmọ àbúrò mi kan tó ń lọ síléèwé ló wà níbẹ̀, àwa yòókù ti fọ́n ká, èmi wà ní Lọ́kọ́jà, àbúrò mi obìnrin wà ní Ìlọrin, Bùọ̀dá wa wà ní Amẹ́ríkà.

Bùọ̀dá ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ní ilé ti ń gbó mọ́ Màmá lórí, ká tún un ṣe, àwọn máa fowó ránṣẹ́. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í da fọ́tò sórí WhatsApp ìdílé nìyẹn, kíṣìnnì funfun báláú, sófà aláwọ̀ eérú, gíláàsì látòkè délẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì tó ki bí irun àgùntàn. Wọ́n rẹwà, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá wò wọ́n, ọyẹ́ ló ń wá sí mi lọ́kàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ọ̀dọ̀ wa mọ bí eruku ọyẹ́ ṣe máa ń ṣe, tó o bá nu tábìlì láàárọ̀, kọ́sàn-án tó pọ́n o ti lè fìka kọ orúkọ ẹ sí i. Ta ló máa gbọn kápẹ́ẹ̀tì yẹn? Ṣé Màmá tó ti lé láàádọ́rin ọdún tí orúnkún ń dùn?

Intíríọ̀ dizáínà, ìyẹn ẹni tó ń báni ṣètò inú ilé, tá a kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ ò wá wolé rárá. Ó ní ká ya fídíò ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwòrán kọ̀ǹpútà dé, ó ń dán gbinrin, POP onípele mẹ́ta lókè, iná búlúù lábẹ́ ẹ̀, tẹlifíṣọ̀n ńlá lára ògiri. Mo wo àwòrán náà títí, mo ń wá ibi tí odó máa wà. Mo ń wá ibi táwọn tó bá wá kíni nígbà tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ máa jókòó sí. Mi ò rí i. A sanwó àwòrán náà, a dúpẹ́, a fi síbẹ̀.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi ló wá júwe ọmọbìnrin kan fún mi, dizáínà lòun náà, ọmọ Mopa ni, Lọ́kọ́jà ló ti ń ṣiṣẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tó bi mí lórí fóònù ni pé, "Ta ló ń gbénú ilé náà, sà?" Mo ní Màmá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ lọ kí wọn. Ẹ má tíì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́ sí mi." Ó sọ iye tó máa gbà fún ìbẹ̀wò, ó ní tá ò bá bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn ẹ̀, òun ò ní béèrè kọ́bọ̀ mọ́. Ọkàn mi balẹ̀ sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbéra, a gba Ọbajánà kọjá láàárín àwọn tírélà sìmẹ́ńtì, a kọjá ní Kàbà, a délé nígbà tí Màmá ń bó ẹ̀gúsí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Okun o, Màmá." Màmá ní, "Okun, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ẹ́ ní Mopa?" Ó dárúkọ agbo ilé wọn, Màmá ronú díẹ̀, wọ́n ní àwọn mọ ìyá bàbá ẹ̀ kan tó máa ń nájà wá síbí. Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ó fa àpótí kan, ó jókòó, ó bu ẹ̀gúsí sínú abọ́ tiẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Èmi rò pé wákàtí kan ló máa lò. Ọjọ́ méjì ló lò lọ́dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ Màmá ló sùn.

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo rò. Kò kọ àwọ̀ pẹ́ńtì. Ó kọ iye ìgbà tí Màmá dìde, ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí, ibi tí wọ́n ń yẹ̀ sí tí oòrùn bá ti yí, ọwọ́ tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì ó pè mí sí kọ́rídọ̀ tó lọ láti yàrá Màmá sí tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Ẹ wo ara ògiri, sà." Mo wò ó, mi ò rí nǹkan. Ó tan tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlà dúdú kan wà níbẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi epo pa á, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá lọ dé ẹnu ọ̀nà tọ́lẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ Màmá ni. Látìgbà tí orúnkún wọn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu ni wọ́n ti ń fọwọ́ ra ògiri lóru. Èmi ọmọ tí mò ń wálé ní gbogbo ìgbà, mo ti gba ibẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà, mi ò rí i rí. Ó yọ téèpù, ó wọn ìlà náà láti ilẹ̀, ó jẹ́ ínǹṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi bírò rúlà sábẹ́ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun kejì tó rí ni pé Màmá kì í jókòó ní pálọ̀. Pálọ̀ tí àwa fẹ́ kówó lé lórí! Ó ní láàárín ọjọ́ méjì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni Màmá wọ pálọ̀, wọ́n wọ ibẹ̀ lọ mú Bíbélì, wọ́n tún jáde. Ìwọ̀ oòrùn ni ògiri pálọ̀ kọjú sí, gbogbo ọ̀sán ni oòrùn fi ń yan án, amọ̀ wá gba ooru náà mọ́ra, ó ń tú u jáde sínú ilé títí di alẹ́. Fèrèsé tó yẹ kí atẹ́gùn gbà jáde lódìkejì, wọ́n ti gbé wadiróòbù dí i láti bí ogún ọdún. Ìdí nìyẹn tí Màmá fi ń gbé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibẹ̀ tutù, ẹni tó bá ń lọ lóko ń kí wọn, ẹni tó bá ń bọ̀ ń kí wọn, wọ́n ń mọ ẹni tó bímọ, wọ́n ń mọ ẹni tí ara ẹ̀ ò yá. Ọmọ náà ní, "Pálọ̀ Màmá nìyí. Ibí la ti máa bẹ̀rẹ̀."

Ẹ ò mọ ìjà tó dá sílẹ̀ lórí WhatsApp. Bùọ̀dá ní ṣé torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ làwọn ṣe ń fi dọ́là ránṣẹ́. Àbúrò mi náà gbè wọ́n lẹ́yìn, ó ní àwọn èèyàn máa wọlé, wọ́n máa ní a ò ṣe nǹkan kan. Èmi nìkan ni mo dúró ti ọmọ náà, torí èmi ni mo rí ìlà ara ògiri yẹn. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́, mo kọ sábẹ́ ẹ̀ pé ọwọ́ Màmá rèé. Kò sẹ́ni tó fèsì títí ilẹ̀ fi mọ́. Láàárọ̀, Bùọ̀dá ní kí ọmọ náà máa bá iṣẹ́ lọ.

Oṣù Kẹta 2023 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ tògiri, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ló nílé amọ̀ nílé tẹ́ ẹ fẹ́ tún ṣe. Ọmọ náà ń fi ìka kan ògiri káàkiri bí ẹni ń kan igbá, ó ń fetí sí i. Níbi tó bá dún gbọ̀ọ̀gbọ̀ọ̀, pílásítà sìmẹ́ńtì ti kúrò lára amọ̀ níbẹ̀, ó kàn ń dúró ni. Ó ní amọ̀ máa ń fa omi mu látilẹ̀, ó sì fẹ́ tú u jáde sójú atẹ́gùn, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì dí i lójú, omi náà á há síbẹ̀, amọ̀ inú á máa rọ̀, pílásítà á máa là. Ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe ni ká tún fi sìmẹ́ńtì tó nípọn jùyẹn lọ lé e. Ó ní rárá o, kí bíríkìlà ṣán gbogbo ibi tó ti ṣófo kúrò, kó fi amọ̀ tí wọ́n po mọ́ yanrìn àti láìmù (ìyẹ̀fun funfun òkúta ẹfun tí wọ́n sun) rẹ́ ẹ, kí pẹ́ńtà sì lo èyí tó ń jẹ́ kí ògiri mí, kó má fi pẹ́ńtì elépo tó ń dán bò ó. Bíríkìlà wa bínú. Ó ní látìgbà tóun ti ń ṣiṣẹ́ kò sẹ́ni tó ní kóun padà sí amọ̀. Ọmọ náà ò bá a jà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó rẹ́ ògiri yàrá kọfí nìkan báyẹn, kí wọ́n fi òjò dán an wò. Òjò rọ̀ láti oṣù Kẹrin wọ oṣù Kẹfà, ògiri yẹn ò là, kò hu ewú. Bíríkìlà fúnra ẹ̀ ló wá ní kí wọ́n jẹ́ kóun ṣe ìyókù bẹ́ẹ̀.

Wọ́n na páànù ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú kó lè bo ògiri lójú oòrùn, wọ́n gbé wadiróòbù kúrò, wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n tún lu ihò kéékèèké sókè lábẹ́ sílìn kí ooru lè máa bá ibẹ̀ jáde. Kò sí AC kankan, pálọ̀ sì ti ṣeé jókòó sí lọ́sàn-án.

Wàhálà tá a ní, ti táìlì ni. Ẹ̀bi tèmi náà wà níbẹ̀. Dizáínà ní kí n ra gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé e torí èyí tó máa fọ́. Owó ò tíì pé lọ́wọ́ mi, mo ra páálí méjìdínlógún, mo ní màá padà wá ra ìyókù. Nígbà tí mo padà lọ, ẹni tó ń tajà ní òun náà ni, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà lára páálí. A ti tẹ́ ẹ tán kí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tó tàn sí i, ìdajì pálọ̀ pọ́n ju ìdajì kejì lọ. Nọ́ńbà kan máa ń wà lára páálí, yàtọ̀ sí orúkọ táìlì, nọ́ńbà tó ń sọ ìgbà tí wọ́n sun ún àti bí àwọ̀ ẹ̀ ṣe jáde. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá jọra, táìlì ò lè jọra. Ẹni tó tà á mọ̀, kò sọ, kò sì gbà á padà. Ó dùn mí gan-an, owó ọ̀hún ò sì kéré. Ọmọ náà ní kí n fọkàn balẹ̀, ó ní kí onítáìlì tú ìlà méjì tó wà láàárín, ó fi táìlì dúdú tó ṣẹ́kù láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ìlà gbọọrọ síbẹ̀, ó ya ibi ìjókòó sọ́tọ̀ kúrò níbi ìjẹun. Ó wá dà bí ìgbà tí wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kíṣìnnì ńkọ́. A ṣe kíṣìnnì inú ilé, gáàsì, síńkì, kábíńẹ́ẹ̀tì, ó rẹ káńtà sílẹ̀ díẹ̀ ju bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é lọ kí Màmá lè jókòó lórí stool gé ẹ̀fọ́. Ṣùgbọ́n iyán ni oúnjẹ wa, ẹ kò lè gúnyán lórí táìlì, ó máa fọ́ yángá ni, ká má tíì sọ ariwo ẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò kíṣìnnì funfun tá a ti wò, ẹnì kankan ò ronú kàn án. Ó ní kí wọ́n da kọ̀ǹkéré tó nípọn sẹ́yìnkùlé, kí wọ́n fi páànù bò ó, ó wọn ẹsẹ̀ odó Màmá gan-an, ó ní kí wọ́n ṣe ojú ibi tó máa jókòó sí kó rì sílẹ̀ díẹ̀, kó má baà máa yí. Ààrò igi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lọ́jọ́ tí kọ̀ǹkéré gbẹ, Màmá ní ká se iṣu.

Ọ̀rọ̀ aṣọ ló kù. Ìyá tó bí Màmá, ọmọ Bùnú ni, ọ̀kan lára ẹ̀yà Yorùbá apá ọ̀dọ̀ wa, ahunṣọ ni, òfì àwọn obìnrin tó dúró gbagidi lára ògiri ni wọ́n fi ń hun aṣọ. Àpótí aṣọ wọn wà lọ́wọ́ Màmá. Dizáínà ní káwọn ṣí i wò bóyá a máa rí nǹkan tó lè fi ojú ìdílé wa hàn nínú pálọ̀. Wọ́n tú aṣọ funfun jáde, wọ́n tú aláró jáde, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, aṣọ pupa kan wà níbẹ̀, ó wúwo, pupa ẹ̀ jin bí ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ ọnà tó wà lára ẹ̀ le débi pé ojú ò fẹ́ kúrò níbẹ̀. Ọmọ náà gbé e sókè pẹ̀lú ayọ̀, ó ní èyí la máa fi gíláàsì bò, ká gbé e kọ́ ògiri ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà.

Màmá dákẹ́. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, aṣọ ìpò nìyí. Ọjọ́ tí àgbà ńlá bá lọ là ń yọ ọ́ síta. A kì í fi í ṣe ọ̀ṣọ́ ilé tí ẹni tó wà láàyè ń gbé." Èmi mọ orúkọ aṣọ yẹn, mo mọ̀ pé Bùnú ló ni ín, mo ti gbọ́ pé òwú pupa ẹ̀ látijọ́, ara aṣọ òyìnbó ni wọ́n ti ń tú u kí wọ́n tó tún un hun, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọ̀kan wà nílé wa. Ó wà lórí òkú bàbá Màmá nígbà tí wọ́n ń sìn wọ́n, wọ́n sì ká a padà. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó tọrọ àforíjì, omi lé sí i lójú. Màmá ní kò sí ohun tó ṣe, bí kò bá béèrè báwo ló ṣe máa mọ̀.

Ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà pé iṣẹ́ yìí yé e. Kò gbàgbé aṣọ pupa yẹn nítorí pé kò lè lò ó. Ó ní kí káfíńtà ṣe àpótí kékeré sínú wadiróòbù Màmá, lókè, níbi tí oòrùn ò ní dé, tí ọwọ́ ọmọdé ò ní tó, ilẹ̀kùn ẹ̀ dá wà, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ Màmá nìkan. Aṣọ aláró ìyá àgbà ló wá kọ́ sí pálọ̀, Màmá ló mú un fúnra wọn. Kò gé e, kò kàn án níṣòó, igi ló fi gbé e dúró lókè, ó sì fi sára ògiri tí oòrùn kì í kàn kí àwọ̀ ẹ̀ má baà ṣá. Tìmùtìmù àga, aṣọ òfì tuntun la lọ rà ní Ògìdì, tìyẹn la lè gé, tá a lè fọ̀.

Pẹ́ńtì ò mú wàhálà wá. Ó kun àwọ̀ mẹ́ta sára ògiri, ó ní kí Màmá máa wò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n mú èyí tó dà bí àwọ̀ iyẹ̀pẹ̀ títì. Gílóòbù funfun tó ń ta lójú la kọ́kọ́ fi sí i, gbogbo wa rí bí aláìsàn lábẹ́ ẹ̀, ó ní ká pààrọ̀ ẹ̀ sí oní 3000K (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ iná gílóòbù) tó pọ́n bí iná àtùpà, ká fi 6500K funfun tá a ti rà sí kíṣìnnì níbi tí ọ̀bẹ wà.

Ní ti owó, owó iṣẹ́ ẹ̀ dá wà, ó kọ ọ́ sínú ìwé, owó ọjà dá wà, gbogbo ọjà tó bá bá wa rà ló ń mú rìsíìtì ẹ̀ wá. Ohun tó gba owó jù ni páànù àti ògiri, ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè yà ní fọ́tò.

Bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí gbogbo yín ń béèrè, a ò rà á. Pákó apá ni Bàbá máa ń tẹ́ sílẹ̀ ní yàrá kọfí kí àpò má baà kan ilẹ̀, ó ti lé lógójì ọdún níbẹ̀, ó dúdú, eruku bò ó, mo ti ní kí wọ́n fi dáná. Ọmọ náà fi ọ̀bẹ họ ọ́ díẹ̀, ó ní ẹ dúró. Káfíńtà láti Kàbà fá a fún ọjọ́ mẹ́ta, igi náà jáde pupa rúsúrúsú, líle bí irin. Òun ni wọ́n fi ṣe bẹ́ǹṣì gígùn yẹn, èyí tó ṣẹ́kù, wọ́n yọ ọ́ róbótó, wọ́n dán an, wọ́n kàn án mọ́ ògiri kọ́rídọ̀ láti yàrá Màmá dé tọ́lẹ́ẹ̀tì, ínǹṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n sílẹ̀.

Bùọ̀dá dé lóṣù Kejìlá, alẹ́ ni, ọyẹ́ ti mú. Wọ́n wo pálọ̀ yíká, wọ́n dúró díẹ̀ níwájú aṣọ ìyá àgbà, wọ́n jáde wá jókòó ti Màmá lórí bẹ́ǹṣì, wọn ò dìde níbẹ̀ títí aago mọ́kànlá. Yàrá tó tẹ̀ lé ti Màmá la jọ sùn sí. Ní bí aago mẹ́ta òru, a gbọ́ tí ilẹ̀kùn Màmá ṣí, a wá ń gbọ́ ọwọ́ wọn tó ń yọ̀ lórí igi Bàbá, jẹ́jẹ́, láìdúró, títí dé ìpẹ̀kun kọ́rídọ̀. Bùọ̀dá ní, "Ṣé o gbọ́?" Mo ní mo gbọ́.